AA ni bàbá, AA ni ìyá: níbo ni jíìnì ti wọ ọ̀rọ̀ ọpọlọ ọmọ?

Ìyá kan wà tó ń ta lésì ní Balógun, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó kan ilẹ̀kùn wa, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó mú àpò ńlá tí ọsibítù máa ń kó fọ́tò inú ara sí lọ́wọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún kan àbọ̀, kò tíì lè dá jókòó. Wọ́n ti ya inú orí rẹ̀, dókítà sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọpọlọ tó wà ní ìpàkọ́ ọmọ náà kò dàgbà bó ṣe yẹ, pé ọ̀rọ̀ jíìnì ni, ìyẹn ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá.

"Ànńtí Tíṣà," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì. AA ni mí. AA ni bàbá ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe àyẹ̀wò yẹn kí pásítọ̀ tó gbà láti so wá pọ̀. Níbo ni jíìnì ti wọlé?"

Ìbéèrè gidi ni. Mi ò lè dáhùn rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ọmọ ń sunkún, ìyá ọmọ náà ń sunkún. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ṣàlàyé fún un, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí mo sì sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí, torí òun nìkan kọ́ ló ń ru ìbéèrè yìí kiri ní Èkó. Ìdí mìíràn tún wà. Àwọn kan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ ti ní ìdáhùn tiwọn: wọ́n ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún, kò sì fi pín-ìnnì há aṣọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹni tó ń pọn ọmọ tí kò lè jókòó láti Èbúté Mẹ́ta dé Ìdúmọ̀tà lójoojúmọ́, kò yẹ kó tún ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ojú ọ̀nà jẹ́nótáìpù ni ọ̀rọ̀ jíìnì gbà wọ ilé wa. AA, AS, SS: ọmọ ilé-ìwé mọ̀ ọ́n, pásítọ̀ mọ̀ ọ́n, ìmáàmù mọ̀ ọ́n. Ó dára bẹ́ẹ̀, ó ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ìbànújẹ́. Àmọ́ jíìnì kan ṣoṣo ni lẹ́tà méjì yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó ń sọ bí ara ṣe ń ṣe apá kan èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Jíìnì tó ń sọ bí a ṣe ń ṣe purotéènì, èyíinì ni àwọn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara, tó nǹkan bí 20,000 nínú ènìyàn. Ẹni tó jẹ́ AA ti yẹ ojú-ìwé kan wò nínú ìwé olójú-ìwé 20,000, ó sì bá a pé ojú-ìwé yẹn mọ́. Àyẹ̀wò náà kò sọ ohunkóhun nípa ìyókù.

Ohun tó sì máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni pé ìwé kan náà yìí ló wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi kọ́ ara: nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, nínú sẹ́ẹ̀lì awọ, nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Bí ìwé bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí èyí fi di ẹ̀dọ̀ tí ìyẹn di ọpọlọ? Ẹ jẹ́ kí n fi Ẹ̀yọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde ní Ìsàlẹ̀ Èkó, funfun ni gbogbo wọn wọ̀, ọ̀pá ọpambàtà wà lọ́wọ́ wọn. Àlejò tó ń wòran lókèèrè á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ Èkó á wo orí: akẹtẹ̀ dúdú, Adímú ni, pupa, Láàbá ni, aláwọ̀ ìyeyè, Oníkò, aláwọ̀ ewé, Ológèdè, elésè àlùkò, Agẹrẹ. Akẹtẹ̀ ló ń sọ ibi tí Ẹ̀yọ̀ ti wá àti ipò tó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn jíìnì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n ṣe purotéènì tó máa lẹ̀ mọ́ DNA, okùn tí a kọ ìwé jíìnì sí, tó máa ṣí àwọn ojú-ìwé kan, tó sì máa pa àwọn mìíràn dé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti dé irú akẹtẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú-ìwé tí akẹtẹ̀ rẹ̀ ṣí fún un ló máa kà. Ìwé kò yàtọ̀, akẹtẹ̀ ló yàtọ̀.

Ọpọlọ tí à ń sọ yìí, ẹ lè fi ọwọ́ kan ibi tó wà: ibi tí ìpàkọ́ ti fẹ́ wọ ọrùn, lábẹ́ eegun. Àwọn dókítà ń pè é ní cerebellum, orúkọ Látìn tó túmọ̀ sí ọpọlọ kékeré. Ọpọlọ ìpàkọ́ ni n ó máa pè é. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọpọlọ. Síbẹ̀, nígbà tí Suzana Herculano-Houzel, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye níúrọ́ọ̀nù, èyíinì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń ránṣẹ́ síra wọn, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni pé nǹkan bí bílíọ̀nù 86 ló wà nínú ọpọlọ ènìyàn, àti pé bílíọ̀nù 69 nínú rẹ̀ ló kó ara wọn jọ sí ìpàkọ́. Ó dà bí Èkó lára Nàìjíríà: ilẹ̀ tó kéré jù, èrò rẹpẹtẹ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí nǹkan bọ́ sí àkókò. Òun ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ tó nà sí ife omi kọjá ife. Òun ló ń bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣírò ìgbà tí ẹsẹ̀ máa kan ilẹ̀ nígbà tó bá ń bọ́ sílẹ̀ lára danfo tí kò tíì dúró. Ó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú, ó sì lọ́wọ́ nínú ìrònú. Bí kò bá pé, ènìyàn á máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí láìfi ẹnu kan ọtí.

Báwo ni jíìnì ṣe ń kọ́ ọ? Ìdáhùn mi kò pọ̀: nípa ìpè àti ìgbọ́. Kò sí àwòrán ọpọlọ kankan nínú jíìnì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ké sí aládùúgbò rẹ̀, àti bí aládùúgbò ṣe máa gbọ́. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oyún wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọpọlọ rí bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ: ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ihò wà nínú rẹ̀. Ní apá iwájú ọ̀pá náà, jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Otx2 ló wà ní ṣíṣí. Ní apá ẹ̀yìn, Gbx2 ni. Àwọn méjèèjì kì í gba ara wọn láyè. Ibi tí ọ̀kan bá ti ṣí, á máa ti èkejì pa. Torí náà ààlà kan yọ láàárín wọn, ó hàn gedegbe bí afárá Carter ṣe wà láàárín Ìddó àti Ìdúmọ̀tà. Ẹni tó bá mọ Ìdúmọ̀tà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ afárá: ibẹ̀ ni ariwo wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lórí ààlà yìí náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ariwo wọn ni àwọn purotéènì tí wọ́n ń tú jáde, Fgf8 àti Wnt1. Fgf8 ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò bí ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ní ìdájí: ẹni tó sún mọ́ ọn gbọ́ ọ kíkankíkan, ẹni tó jìnnà gbọ́ ọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ààlà gan-an, tí ohùn náà dún sí etí wọn jù, àwọn ló máa di ọpọlọ ìpàkọ́.

Báwo la ṣe mọ̀? Ní 1990, àwọn olùwádìí ba jíìnì Wnt1 jẹ́ nínú eku, wọ́n sì bí eku tí ọpọlọ àárín àti ọpọlọ ìpàkọ́ rẹ̀ dàwátì. Ní 1996, àwọn mìíràn mú ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí wọ́n ti rẹ sínú Fgf8, wọ́n fi í sí iwájú ọpọlọ ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, níbi tí kò yẹ kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti dún. Ọpọlọ àárín tuntun hù sí ibi tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ gbọ́ ìpè, wọ́n sì jẹ́ ẹ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, mo gbé ìwé náà kalẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, yàrá ìbí méjì ṣí. Ọ̀kan wà lẹ́bàá ihò inú ọ̀pá náà, níbi tí omi ọpọlọ wà. Èkejì wà ní etí òkè, ibi tó là bí ẹnu; ètè ni àwọn onímọ̀ pàápàá ń pe ibẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yàrá ìsàlẹ̀ dé akẹtẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ptf1a, àwọn ará ètè dé Atoh1. Àwọn ọmọ Ptf1a ló máa di sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ fún àwọn yòókù pé "rọra, dúró". Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni sẹ́ẹ̀lì Purkinje, tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ ilẹ̀ Czech tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1837. Ó tóbi, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí abẹ̀bẹ̀, ibi tí okùn àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ti ń kàn án sì lé ní 100,000. Àwọn ọmọ Atoh1 ní tiwọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kéré bíńtín. Sẹ́ẹ̀lì wóró ni n ó máa pè wọ́n. Àwọn ló ń sọ pé "máa lọ, máa lọ". Àwọn ló kún inú bílíọ̀nù 69 yẹn.

Akẹtẹ̀ yìí lágbára gan-an. Eku tí kò ní Atoh1 kò ní sẹ́ẹ̀lì wóró rárá. Wọ́n fi hàn bẹ́ẹ̀ ní 1997. Nínú eku tí kò ní Ptf1a, ohun tó ṣẹlẹ̀ tún yani lẹ́nu: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó di Purkinje kò kú tán, àwọn kan nínú wọn yà lọ di ohun tó jọ sẹ́ẹ̀lì wóró. Ní ti ènìyàn, wọ́n rí i ní 2004 pé àwọn ọmọ kan tí PTF1A wọn bàjẹ́ lọ́tùn-ún lósì ni a bí láìní ọpọlọ ìpàkọ́, tí wọn kò sì ní ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì. Ojú-ìwé kan náà ni ara ń kà fún iṣẹ́ méjèèjì. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí ènìyàn máa sọ pé "jíìnì ọpọlọ" tàbí "jíìnì inú". Jíìnì kì í ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù la dé yìí. Àwọn ọmọ Atoh1 kò tó nǹkan níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gun òkè lọ, wọ́n tẹ́ ara wọn bo ọpọlọ ìpàkọ́ bí ẹni da aṣọ bo orí, wọ́n sì ń pín ara wọn sí méjì-méjì. Ta ló ń sọ fún wọn pé iye tí wọ́n jẹ́ kò tíì tó? Àwọn sẹ́ẹ̀lì Purkinje tó wà lábẹ́ wọn ni. Purkinje ń tú purotéènì kan jáde tó ń jẹ́ Sonic Hedgehog, tí wọ́n ń gé kúrú sí Shh. Orúkọ náà ní ìtàn. Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, kéde ní 1980 àwọn jíìnì tó ń pín ara eṣinṣin sí ìpele-ìpele. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, ìdin eṣinṣin náà á kún fún ẹ̀gún wọ̀yọ̀wọ̀yọ̀ bí òòrẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ẹranko ẹlẹ́gùn-ún. Ẹ̀bùn Nobel ti 1995 kàn wọ́n, àwọn àti Edward Lewis. Nígbà tí wọ́n rí ìbátan jíìnì náà lára àwọn ẹranko elégungun, wọ́n fi orúkọ akọni géèmù kọ̀ǹpútà kan sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ṣètò ara eṣinṣin tó ń bà lé ẹja ní ọjà Oyíngbò jẹ́ ìbátan ohun tó kọ́ ọpọlọ ẹni tó ń na ọwọ́ lé e.

Ní 1999 ni ó hàn kedere pé Shh tí Purkinje ń tú jáde ló ń mú kí àwọn ọmọ Atoh1 máa pọ̀ sí i. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Purkinje ni oníbàárà tí okùn sẹ́ẹ̀lì wóró máa wá bá lẹ́yìn ọ̀la. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye ọjà tí wọ́n máa kó wá. Bí Purkinje bá kéré, ìpè á kéré, sẹ́ẹ̀lì wóró náà á kéré. Ẹ ka ìwé jíìnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n kọ bílíọ̀nù 69 sí. Iye yẹn kò sí nínú ìwé. Inú ìpè àti ìgbọ́ ló ti jáde.

Ìpè náà gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ tó bá yá. Jíìnì kan wà, PTCH1, tó ń ṣe bí ọwọ́ tó bo etí: bí ìpè kò bá sí, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbọ́ ohunkóhun. Bí PTCH1 bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á máa gbọ́ "ẹ pọ̀ sí i" nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè é, á sì máa pín ara rẹ̀ láìdúró. Ọ̀nà kan tí àrùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ medulloblastoma fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọpọlọ tó ń bá ọmọdé jà. Mo gbọ́dọ̀ dúró síbí sọ èyí: ọmọ tí orí ń fọ́ láàárọ̀, tó ń bì bó ṣe ń jí, tí ìrìn rẹ̀ tó ti dára tẹ́lẹ̀ wá ń ta gbọ̀ngbọ́n, kí wọ́n má fi agbo ibà dá a dúró sílé. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kíákíá.

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni ọpọlọ ìpàkọ́ máa ń yára dàgbà jù, iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ, títí di nǹkan bí ìgbà tó fi pé ọdún kan tàbí tó lé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ọmọdé kì í fi fojú kékeré wo ọmọ tí a bí ní oṣù mẹ́fà tàbí méje. Àárín ìgbà tí wóró ń pọ̀ gan-an ló jáde.

Sẹ́ẹ̀lì wóró tó bá ti ṣíwọ́ pínpín kì í dúró lókè. Á rọ̀ mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì aláàtìlẹ́yìn ta sílẹ̀, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ bí adẹ́mu ṣe ń fi igbà sọ̀ kalẹ̀ lára ọ̀pẹ, á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Purkinje, á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀. Purkinje náà ti rin ìrìn-àjò tirẹ̀ ṣáájú. Purotéènì kan tó ń jẹ́ Reelin ló pè é kó tò sí ìlà. Ìtàn Reelin bẹ̀rẹ̀ ní Edinburgh. Ní 1951, Douglas Falconer kọ̀wé nípa irú eku kan tó ń ta gbọ̀ngbọ́n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e dúró. Ọdún 44 kọjá kí wọ́n tó rí jíìnì náà ní 1995. Bíbí ni wọ́n bí àwọn Purkinje eku yẹn. Ibi tí wọ́n dúró sí ni kò bójú mu: ọ̀pọ̀ nínú wọn wà jọ gẹ̀lẹ̀tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ láìdé ibi tó ń lọ.

Jíìnì kò sì dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ní kété tí a bá bí eku, okùn bíi mélòó kan tó ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá ló máa ń dì mọ́ Purkinje kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù á dúró, àwọn yòókù á já kúrò. Ìlò ló ń yan èyí tó máa kù.

Ó wá kù ọmọ aládùúgbò mi. Ohun tí dókítà fi han ìyá rẹ̀ nínú fọ́tò ni ibì kan tó rí bí eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ. Àmì yẹn ni wọ́n fi ń dá àrùn Joubert mọ̀. Marie Joubert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Kánádà ní 1969. Ara ọmọ tó bá ní in máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ní kékeré, ó lè máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré, kí èémí sì tún dá díẹ̀. Ojú rẹ̀ lè máa ta sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo rẹ̀ ni ìyá náà ti rí láti oṣù kìíní.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí: púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì wa ní irun kan ṣoṣo tó yọ síta bí áńténà tẹlifíṣọ̀n lórí òrùlé. Etí tí wọ́n fi ń gbọ́ Shh ni áńténà yẹn. Jíìnì tó ju 30 lọ ni wọ́n ti rí tó jẹ́ pé bí ọ̀kan péré nínú wọn bá bàjẹ́, áńténà á mẹ́hẹ, àrùn Joubert á sì yọ. Ẹnu tó ń pè wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ dún. Etí ni kò gbọ́ ọ dáadáa. Àárín ọpọlọ ìpàkọ́ á kéré, àwọn okùn kan tó yẹ kó kọjá láti ọ̀tún sí òsì kò sì ní kọjá. Irú áńténà kan náà wà nínú kíndìnrín, nínú ojú, nínú ẹ̀dọ̀. Nítorí náà ni dókítà ṣe ní kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, kí dókítà ojú náà sì máa rí i. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé wọ́n kàn fẹ́ gba owó ni. Ó bínú sí wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ áńténà fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ó yé mi wàyí. Orí nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò."

Wàyí o, AA àti AA. Gbogbo wa ló ní ẹ̀dà méjì jíìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ rántí bí AS ṣe rí: ẹ̀dà kan ní àbùkù, ìkejì pé, ara ẹni náà le koko. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìdílé tí Joubert wọ̀, bàbá àti ìyá dà bí AS lórí jíìnì áńténà kan, wọn kò sì mọ̀, torí kò sí ẹni tó yẹ ojú-ìwé yẹn wò fún wọn. Lóyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ gba ẹ̀dà alábùkù méjèèjì. Ìyá náà bi mí bóyá, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan ti bọ́ sí i, mẹ́ta tó ń bọ̀ á yè é. Rárá. Oyún kì í ka iye ẹ̀gbọ́n tó ti wá ṣáájú. Ìdá kan nínú mẹ́rin tún ni, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀sán gangan kò fi lè fẹsẹ̀ múlẹ̀: ẹ̀dà alábùkù ti wà nínú ara ìyá àti nínú ara bàbá kí wọ́n tó mọ ara wọn. Mo bá bàbá ọmọ náà sọ èyí lójú ìyá rẹ̀ àgbà, mo sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo wa pátá la gbé ẹ̀dà alábùkù kan tàbí òmíràn lọ́wọ́ láìmọ̀.

"Káńfọ̀ ńkọ́?" ó tún béèrè. Ó ń fi káńfọ̀ sí lésì tó ń tà, ó sì fi sí aṣọ ọmọ náà nígbà tó wà lọ́mọ tuntun. Káńfọ̀ kò fa èyí. Àmọ́ inú mi dùn pé ó béèrè, torí ewu wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, a kì í sì í pariwo rẹ̀ tó. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ G6PD. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá ọmọkùnrin, ni tiwọn kò pé, tí ara wọn kò sì sọ ọ́. Bí irú ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, ohun tí à ń pè ní jọ́ńdíìsì. Èròjà tó ń fa pípọ́n yẹn, bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì Purkinje sì wà lára ohun tó ń bà jẹ́. Ọmọ tí àwọn jíìnì tó kọ́ ọpọlọ rẹ̀ pé, tí ìpè dún, tí etí gbọ́, lè pàdánù ohun tí wọ́n fi oṣù mẹ́sàn-án kọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá sì pọ́n, oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì kò tó. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Kò sí oògùn tó lè padà lọ pe ìpè tí ọmọ náà kò gbọ́ nínú oyún. Ohun tó kù fún un pọ̀, síbẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn máa ń dínkù bí ọmọ bá ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní Joubert ló ń rìn nígbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ pẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà, ìdí nìyí tí olùtọ́jú iṣan ara fi ní kí wọ́n máa gbé e jókòó lójoojúmọ́, kí wọ́n fi nǹkan tì í, kí wọ́n máa mú nǹkan tì í náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ìdìpọ̀ lésì ni ìyá rẹ̀ ń fi tì í nínú ìsọ̀ ní Balógun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lẹ́yìn. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti mú ti ọ̀tún kúrò. Ó ní kí n kọ orúkọ àyẹ̀wò tó lè sọ èwo nínú jíìnì tó ju 30 lọ ni tiwọn sílẹ̀ fún òun, kí òun àti ọkọ òun lè mú un lọ bá dókítà kí wọ́n tó tún gbìyànjú ọmọ mìíràn. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rìsíìtì rẹ̀. Ó ká a, ó fi sínú pọ́ọ̀sì, ó sì lọ dá oníbàárà lóhùn.